Mo sanwó kọ́ orin l'Ékòó, àṣé ariwo ni mo ti ń pa látọjọ́ yìí

Ẹ jẹ́ n tètè sọ ọ́ kí ẹ rẹ́rìn-ín tán: ọmọdé tó yẹ kí n máa rán níṣẹ́ ló ń kọ́ mi lórin. Ọmọ ọdún 27 ni, èmi ti pé 44. Tí mo bá débẹ̀ láàárọ̀ á dọ̀bálẹ̀, "ẹ káàárọ̀ mà, ẹ kú ìrìn", á gbé omi fún mi, á nu àga kí n tó jókòó, kò sì ní tíì tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí ọmọ yìí kan náà á fi gbọ́wọ́ kúrò lórí kíbọ́ọ̀dù, á ní "Mọ́mì, ẹ má bínú o, ariwo lẹ̀ ń pa, ẹ ò tíì kọrin." Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tó sọ ọ́, díẹ̀ ló kù kí n gbé báàgì mi. Èmi tí mo san 15,000 náírà fún wákàtí kan!

Aṣọ ni mò ń tà ní Balógun, ańkárá àti léèsì, ó ti tó ọdún mẹ́rìndínlógún. Ẹni tó bá mọ ọjà yẹn mọ̀ pé ẹnu la fi ń tà á. Tẹ́ ẹ bá dákẹ́, oníbàárà á gba iwájú yín kọjá lọ bá ẹni tó ń pariwo. "Sister, ẹ wo tuntun! Àǹtí, ẹ wọlé, ẹ má rà á, ẹ kàn fọwọ́ kàn án!" Bó ṣe máa rí nìyẹn láti aago mẹ́jọ àárọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú, jẹnẹrétọ̀ ogún ṣọ́ọ̀bù ń ké lẹ́ẹ̀kan náà, aláàárù ń ní ká yàgò lọ́nà, ẹnì kan tún gbé spíkà síta ó ń ta oògùn jẹ̀díjẹ̀dí. Tó bá di Wẹ́sìdeè, rìhásà. Fráídè tó gbẹ̀yìn oṣù, àìsùn. Sọ́ńdè, èmi ni mo máa ń dá orin ìyìn, soprano, ìyẹn ohùn obìnrin tó ga jù, ọdún mọ́kànlá gbáko. Ohùn tí mo fi ń pe oníbàárà náà ni mo fi ń pe Olúwa, mi ò mọ̀ pé ó yẹ kó yàtọ̀. Àwọn ará ìjọ sì fẹ́ràn ẹ̀ o, wọ́n á ní ohùn Ìyá Bùnmi ń mi ilé tìtì. Pásítọ̀ wa a tiẹ̀ máa fi ṣeré pé kí wọ́n má fún mi ní máìkì kí spíkà má baà jó.

Oṣù Kejìlá 2023 ni ẹ̀kọ ò ṣojú mímu. Alẹ́ kárọ́ọ̀lù ni. Mo dá orin títí ó fi dé ibi tó ga jù, ibi tí gbogbo èèyàn ti máa ń dìde dúró fún mi, mo yanu, afẹ́fẹ́ lásán ló jáde. Bíi rédíò tí ò rí stéṣàn mú. Ọmọ kékeré kan tó jókòó níwájú bú sẹ́rìn-ín, màmá ẹ̀ gbá a létí. Mo ti ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ọmọ yẹn báyìí torí òun nìkan ló sòótọ́, àwọn àgbà tó kù ń pàtẹ́wọ́ fún mi ni.

Láti ọjọ́ yẹn ohùn mi há, kò sì là. Mo jẹ orógbó bí ẹní jẹ ẹ̀pà, mo fi atare sí i, mo lá oyin, mo mu ẹyin tútù (Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí n tún mu ún), wọ́n se àgbo, mo mu ún. Bàbá Bùnmi ní kí n kúkú fi kwáyà sílẹ̀ fáwọn ọmọdé, ṣé wọ́n ń sanwó fún mi níbẹ̀ ni. Ọ̀rọ̀ yẹn ló gún mi lára tí mo fi lọ wá tíṣà.

Ti àkọ́kọ́ tí mo rí, orí Instagram ni mo ti rí i, mi ò ní dárúkọ ẹ̀. Ó ní láàárín oṣù mẹ́ta ohùn mi á dà bíi tàwọn tó ń kọrin lórí tẹlifíṣọ̀n. Lẹ́kkí ló wà. Ó ní kí n san 120,000 ti oṣù mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan, mo sì san án. Èmi tí mi ò lè sanwó léèsì kan ṣoṣo láìjẹ́ pé mo tú u wò dé ìsàlẹ̀, tí mo nà án sí oòrùn, mo lọ kó 120,000 fún ẹni tí ò kọ orin kan rí létí mi. Agége ni mò ń gbé, ẹ wo Agége sí Lẹ́kkí láàárọ̀ Sátidé, lọ́jọ́ tí Ọlọ́run bá ṣàánú wákàtí méjì àtààbọ̀ ni. Tí mo bá débẹ̀ á tan YouTube, á ní kí n máa tẹ̀ lé olórin tó wà níbẹ̀, òun á wá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan máa tẹ fóònù. Kò dá mi dúró rí. Gbogbo nǹkan tí mo bá ti ṣe ló dáa. Mo sọ fún un pé ọ̀fun máa ń dùn mí tí mo bá kúrò lọ́dọ̀ ẹ̀, ó ní bó ṣe ń ṣe nìyẹn, pé ọ̀fun tí ò bá dunni kò tíì ṣiṣẹ́. Ẹ̀ẹ̀mẹrin péré ni mo lọ. Nígbà tí mo béèrè ìyókù owó mi, ó ní àwọn kì í dá owó padà, ó sì blọ́ọ̀kì mi. Mo jókòó sí ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ yẹn, mo ń ṣírò iye yáàdì ańkárá tí mo máa tà kí n tó rí 80,000 tó wọ igbó yẹn.

Ìgbà tí mo máa tún ẹlòmíì wá, mo ṣe é bí ọjà. Mo pe mẹ́ta. Ọ̀kan ní Ìkòyí pe 40,000 fún wákàtí kan, mo ní ẹ kú iṣẹ́ o, ó dàbọ̀. Nǹkan tí mò ń bi gbogbo wọn ni pé ṣé mo lè san ti ẹ̀ẹ̀kan kí n fi wò ó, ẹni tó bá ti yarí pé àfi oṣù kan, mo ti pa fóònù. Ọmọ tí mò ń lọ bá yìí, ẹnì kan tó ń kọ alto, ohùn obìnrin tó wà nísàlẹ̀ soprano, nínú kwáyà wa ló júwe ẹ̀. Ó kàwé orin ní yunifásítì, Yábà ni yàrá tó ti ń kọ́ni wà, lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan tí télọ̀ wà nísàlẹ̀ ẹ̀: kíbọ́ọ̀dù kan, dígí gígùn kan, fóòmù bẹ́ẹ̀dì àtijọ́ tó lẹ̀ mọ́ ògiri torí lándílọ́ọ̀dù. Tọ́sìdeè aago mẹ́jọ la jọ fi sí, torí Tọ́sìdeè ni ìmọ́tótó ọjà, a kì í ṣí ṣọ́ọ̀bù títí aago mẹ́wàá, Yábà sì wà lójú ọ̀nà mi. Dánfó ni mò ń wọ̀ tẹ́lẹ̀, àmọ́ nígbà tí tírénì Red Line bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò ní Oṣù Kẹwàá 2024, Agége ni mo ti ń wọ̀ ọ́, mo sọ̀ ní Yábà, mi ò bá kọ̀ńdọ́ kankan jà lórí ṣéńjì. Ẹ má fojú kéré ìyẹn o. Ẹni tó bá ti bá kọ̀ńdọ́ Oṣòdì fa ọ̀rọ̀ láàárọ̀ ti kọrin tán lọ́jọ́ yẹn.

Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ débẹ̀, Oṣù Karùn-ún 2024, kò jẹ́ kí n kọrin rárá. Ìbéèrè ló ń bi mí bíi nọ́ọ̀sì. Iṣẹ́ wo ni mò ń ṣe, omi mélòó ni mò ń mu, aago mélòó ni mò ń jẹun alẹ́. Mo ní aago mẹ́wàá, torí gósílòó, tí mo bá délé màá jẹ ẹ̀bà mi pẹ̀lú ata rodo, màá sùn. Ó mi orí. Ó ní téèyàn bá ń sùn lé oúnjẹ bẹ́ẹ̀, omi kíkan inú ikùn á máa gòkè wá sí ọ̀fun lóru, á máa jó ibẹ̀. Ó wá ní ìgbà wo ni ohùn yìí ti há. Mo ní láti Kérésì. Ló bá da owó mi padà! Ó ní "Mọ́mì, ohùn tó bá há ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ, dókítà ló kọ́kọ́ ni ín, ẹ má jẹ̀ẹ́ n fọwọ́ kan nǹkan tí mi ò rí." Mo rò pé ó ń fọgbọ́n lé mi ni. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń wá tíṣà, èyí tó bá lè da owó padà, ẹ dì í mú.

Mo lọ sí ọsibítù ìjọba, ọ̀dọ̀ dókítà etí, imú àti ọ̀fun. Wọ́n ki nǹkan tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ní kámẹ́rà lórí gba imú mi, omi ń dà lójú mi, àmọ́ mo rí inú ọ̀fun ara mi lójú tẹlifíṣọ̀n. Tán-án-ná ni wọ́n ń pè é, ó dà bíi kọ́tìnì kékeré méjì tó ń ṣí tó ń pa dé. Dókítà ní èémí ló ń gba àárín wọn kọjá tí wọ́n fi ń gbá ara wọn, ìyẹn lohùn. Ó ní tí mo bá kọ ohùn A kan báyìí tí wọ́n fi ń tún gìtá ṣe, ìgbà 440 ni wọ́n máa gbá ara wọn ní ìṣẹ́jú àáyá kan. 440! Èmi ń fi polówó léèsì láti àárọ̀ dalẹ́. Kókó kékeré ti yọ sára méjèèjì níbi tí wọ́n ti ń kanra, bí àtẹ́lẹwọ́ ẹni tó ń gúnyán ṣe máa ń yi. Wọ́n ní kò gba iṣẹ́ abẹ, kí n sinmi ohùn fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí n máa mumi dáadáa, kí n má pariwo, kí n má sì sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ náà torí ìyẹn náà ń ni ín lára.

Ọ̀sẹ̀ méjì, ọlọ́jà Balógun, láìsọ̀rọ̀. Mo mú ọmọ ẹ̀gbọ́n mi wá kó máa bá mi pe oníbàárà, èmi jókòó bí ère pẹ̀lú ìwé àti bírò. Ẹ wo nǹkan tó ṣẹlẹ̀ o. Oníbàárà á mú aṣọ, á dá iye kan, èmi ò lè fèsì, màá kàn máa wò ó. Á rò pé inú ló ń bí mi. Á fi ẹgbẹ̀rún kan kún un. Màá ṣì máa wò ó. Á tún fi kún un. Mo ní àṣé gbogbo ẹjọ́ tí mò ń rò látọjọ́ yìí ni mo fi ń pàdánù owó.

Nígbà tí mo padà sí Yábà, ó ní kí n dùbúlẹ̀ sórí ẹní, ó gbé ìwé orin lé mi níkùn, ó ní kí n mí kí ìwé gòkè. Ìwé ò mira. Èjìká mi ló ń gòkè. Mo ti ń mí láti ọdún 44, àṣé èjìká ni mo fi ń mí. Ó ṣàlàyé pé ẹ̀dọ̀fóóró ò lágbára ti ara ẹ̀, iṣan pẹrẹsẹ kan tó wà nísàlẹ̀ ẹ̀ ló ń lọ sílẹ̀ tí afẹ́fẹ́ fi ń rọ́ wọlé, ìyẹn ló ń jẹ́ kí ikùn wú síta. Ó wá ní kí n tú èémí náà jáde díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú "ssss" bíi táyà tó ń jò. Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́sàn-án ni mo dé lọ́jọ́ yẹn, ojú mi ti ń ṣú. Mo ń dé 28 báyìí, níbi tí mo jókòó sí nínú tírénì gan-an mo máa ń ṣe é, èèyàn a máa sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Èyí tó tún pani lẹ́rìn-ín ni stírọ́ọ̀: kí n ki stírọ́ọ̀ bọnú ìgò omi, kí n máa kọ ohùn gba inú ẹ̀, kí omi máa hó. Bùnmi fi fóònù ká mi sílẹ̀ ó fi han gbogbo ẹbí. Àmọ́ ó ń ṣiṣẹ́ o, òun ló kọ́kọ́ jẹ́ kí n kọ ohùn òkè láìsí pé ọrùn mi ń yọ iṣan.

Mo béèrè ọ̀rọ̀ orógbó lọ́wọ́ ẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó dọ̀bálẹ̀ tán kó tó fèsì. Ó ní nǹkan téèyàn bá gbé mì, ọ̀nà oúnjẹ ló ń gbà, ìdérí kan sì wà tó ń bo ọ̀nà èémí lásìkò yẹn. Tí oyin bá débi tí tán-án-ná wà, ikọ́ lẹ máa wú títí á fi jáde. Ooru omi gbígbóná téèyàn fà símú ló ń débẹ̀ tààrà. Ó ní itọ́ tí orógbó ń mú sun, àti omi téèyàn ń mu lé kíkorò ẹ̀, ìyẹn lòun rò pé ó ń ranni lọ́wọ́. Mo gbọ́. Mo ṣì ń jẹ orógbó mi sha, bàbá mi náà jẹ ẹ́.

Nǹkan tó wá yí mi lórí po, ọ̀rọ̀ dò-re-mí ni. Ẹ mọ̀ pé iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti kọ́ wa pé ohùn Yorùbá mẹ́ta ló wà, dò, re, mí, èmi rò pé ti ìdánwò ni. Ó ní "Mọ́mì, ẹ pe Balógun." Mo pè é. Ó tẹ̀ ẹ́ lórí kíbọ́ọ̀dù: re mí re. "Ẹ pe Èkó." Dò mí. Ó ní ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ní ẹ ò mọ orin, kí ẹ tó hu eyín lẹ ti ń kọ ọ́. Ó wá tan fídíò kan tí mo ti ń dá orin ní ṣọ́ọ̀ṣì, kí n tó wá bá a, ó ní kí n pa ojú dé kí n sọ ọ̀rọ̀ tí obìnrin yìí ń kọ. Ẹ̀yin èèyàn mi, mi ò mọ ọ̀rọ̀ tí mò ń kọ! Èmi ni mo kọ ọ́ o. Mí, mí, mí ni gbogbo ẹ̀ láti òkè délẹ̀. Ó ní téèyàn bá ti ń pariwo, mí nìkan ló ń kù, dò á kú, re á kú, tí dò bá sì ti kú nínú Yorùbá, ọ̀rọ̀ náà ti kú nìyẹn. Wọ́n ò gbọ́ nǹkan tí mò ń wí láti ọdún mọ́kànlá, ariwo mi ni wọ́n ń jó sí.

Ọ̀rọ̀ yẹn gbé wa lọ jìnnà lọ́jọ́ yẹn, a ò tiẹ̀ kọrin mọ́. Ó ní wàhálà yìí ti pẹ́ nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà tí àwọn Òyìnbó ajíhìnrere dé, ohùn orin ilé wọn ni wọ́n gbé ọ̀rọ̀ Yorùbá lé, ọ̀rọ̀ ń gòkè, ohùn ń fà á wálẹ̀. Ẹ fẹ́ kọ ọkọ̀, ohùn gbé ìdí ẹ̀ sókè, ọkọ́ lẹ kọ yẹn, ẹ ti fi Jésù sínú ọkọ́. Ó ní àwọn bíi Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti, bàbá bàbá Fẹlá Kútì, ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe orin ìsìn tó ń tẹ̀ lé bí a ṣe ń sọ̀rọ̀, kódà ó lọ gbà á sílẹ̀ sínú àwo ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1922. Ó tún dárúkọ Ẹkúndayọ̀ Phillips tó tẹ dùùrù ní Kàtídírà Marina láti 1914 títí dé 1962, tí Fẹlá Ṣówándé, gbajúmọ̀ tó ń kọ orin dùùrù, fúnra ẹ̀ ṣe ọmọ kwáyà lábẹ́ ẹ̀. Kàtídírà Marina kẹ̀! Ọdún mẹ́rìndínlógún ni mo ti ń gba iwájú ibẹ̀ kọjá lọ sí ṣọ́ọ̀bù, pẹ̀lú ẹrù lórí aláàárù, mi ò yà wọ ibẹ̀ rí. Mo yà lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Wọ́n ń fi dùùrù dánra wò, èèyàn mẹ́ta péré ló wà níbẹ̀, mo jókòó sẹ́yìn pẹ̀lú àpò léèsì mi títí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi fi pè mí pé oníbàárà ti dé.

Lẹ́yìn nǹkan bí oṣù mẹ́ta ló wá fọwọ́ kan ibi tó ń dùn mí. Ó ní kí n máa gòkè lórí kíbọ́ọ̀dù, kí n dúró níbi tí ara ò ti rọ̀ mí mọ́. Mo dúró. Ó ní kí n máa sọ̀ kalẹ̀. Mo sọ̀ dé ibi tí mi ò mọ̀ pé mo ní, ohùn náà nípọn, ó tutù, àfi bíi ti ìyá mi. Ó wò mí, ó ní "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ta ló sọ fún yín pé soprano ni yín?" Mo ronú. Ọ̀gá kwáyà tó wà níbẹ̀ lọ́dún mọ́kànlá sẹ́yìn ni, ó ní kí gbogbo obìnrin tí ohùn wọn bá le bọ́ sí apá ọ̀tún. Ó tán. Alto ni mí. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi ń fa ara mi lọ́rùn lọ síbi tí kì í ṣe ilé mi.

Ẹ ò ní mọ bó ṣe rí kéèyàn kúrò níwájú. Orin tí mò ń dá, ọmọbìnrin kan tí ò tíì pé 20 ló ń dá a báyìí, ohùn ẹ̀ ń lọ sókè wẹ́rẹ́ bí ẹyẹ, kò tiẹ̀ yanu tó bí mo ṣe ń yà á. Mo jowú ẹ̀ fún bí oṣù kan. Ní kárọ́ọ̀lù Oṣù Kejìlá 2024, ìlà kejì ni mo dúró sí láàárín àwọn alto, mo kọ gbogbo orin láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ọ̀fun ò dùn mí, lọ́jọ́ kejì mo jí mo ń sọ̀rọ̀ geere. Pásítọ̀ pàdé mi lẹ́yìn ìsìn, ó ní Ìyá Bùnmi, wọ́n ní ẹ ò rìnrìn-àjò, kí ló dé tá ò gbọ́ yín? Bàbá Bùnmi náà ní òun ń tẹ́tí títí òun ò gbọ́ ohùn mi. Àwọn tó dúró lọ́tùn-ún lósì mi ló gbọ́ mi, ọ̀kan nínú wọn ní òun kọ́kọ́ rí ẹni tí òun lè fara tì kọrin.

Tíṣà ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìdánwò ABRSM, ìdánwò orin tí wọ́n ń ti Lọ́ńdọ̀nù ṣe, fún mi, pé Grade 1 dé Grade 8 ló wà àti pé ọjọ́ orí ò sí níbẹ̀. Mo ní kí ni ọlọ́jà fẹ́ fi sáfíìkẹ́ẹ̀tì ṣe, kó lọ sọ fún Bùnmi. Ẹ̀kan ṣoṣo tá a fẹ́rẹ̀ẹ́ jà ni January yìí, tó ní owó ti di 20,000, pé gbogbo nǹkan ti wọ́n. Mo ná an bí ọjà. Mo ní 16. Mo ní 17, kó wo ti àtijọ́. Mo ṣe bí ẹni tó ń lọ, mo dé ẹnu àtẹ̀gùn. Mo tiẹ̀ padà wá dákẹ́ wò ó bí mo ṣe ń wo oníbàárà. Ọmọ yẹn dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó ní "ẹ ṣé gan-an mà, Ọlọ́run á bù kún ọjà yín", kò sì yọ kọ́bọ̀.